Ọkọ̀ pupa méje

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ bí àyẹ̀wò ọdún mi ṣe máa ń rí: iye ọkọ̀ ìṣeré tí mo rà, iye tí mo tà, àti èyí tó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ní gbàǹjo. Tọdún yìí ò gùn rárá. Ọkọ̀ méjì ni mo rà. Bẹ́ ẹ bá bi mí pé kí ni mo fi oṣù kìíní àti oṣù kejì ṣe, mi ò lè sọ. Ìyá Hackney kú lóṣù karùn-ún, àtìgbà náà ni mi ò ti lè ka ọdún yìí lọ́nà míì: ó ṣẹlẹ̀ kí Ìyá tó lọ, tàbí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí Ìyá lọ.

Ẹ mọ̀ ọ́n. Àbúrò ìyá mi tó dúró níwájú àpótí onígíláàsì mi lọ́jọ́sí, tó ní, "Ṣé owó lo fi ra gbogbo eléyìí? Àwa tá a ń ṣe é ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì." Ó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ wá sí London ní 1966, nígbà tí ìyẹn ń bọ̀ wá kàwé lọ́yà. Láti 1972 dé 1977 ló fi ṣiṣẹ́ ní Lesney, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ ìṣeré Matchbox, ní Hackney Wick létí odò Lea. Bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ ló máa ń wá kó wọn láàárọ̀. Wọ́n á yọ́ síǹkì, ẹ̀rọ á tì í wọnú mọ́ọ̀dù, ara ọkọ̀ á jáde, wọ́n á kùn ún, á wá dé iwájú àwọn obìnrin tí wọ́n jókòó ní ìlà láti to inú rẹ̀. Ti Ìyá ni awakọ̀. Ọkọ̀ eré ìje nọ́ńbà 24 nínú oríṣi ọkọ̀ 75 tí Matchbox ń tò ní nọ́ńbà, Team Matchbox lorúkọ rẹ̀, tó jáde ní 1973: pupa tó ń dán, 8 lára rẹ̀, awakọ̀ kékeré funfun nínú rẹ̀. Ìyá ló ń gbé awakọ̀ yẹn jókòó. Ó máa ń sọ pé kò sí ọmọ Èkìtì tó tíì gbé òyìnbó jókòó sínú mọ́tò tó òun.

Lóṣù kẹta, wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́sibítù pé kó máa sinmi nílé. Mo lọ kí i lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ní, "Kó àwọn ọkọ̀ rẹ wá. Kì í ṣe kó o tò wọ́n o. Kí wọ́n sáré." Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń kó ọkọ̀ jọ, mi ò sì tíì jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn sáré rí. Ẹni tó bá ń kó wọn jọ mọ ìdí rẹ̀: bí ọ̀dà bá ti ha, owó rẹ̀ já wálẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀ fún Ìyá?

Mo ní tíráàkì yẹ́lò kan tí mo ti rà ní gbàǹjo, ọ̀nà ike tí wọ́n ṣe fún Superfast, àwọn ọkọ̀ Matchbox tó ń sáré. Ẹni tó tà á fún mi ní ó pé, kò pé. Ìdè tí wọ́n fi ń so ó pọ̀ dín mẹ́fà, ike rẹ̀ sì ti ká kò. Mo rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́, mo fi ìwé ńláńlá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ mọ́jú. Ìdè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ọ̀kan nínú yín tó ń ka èyí ló fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi, tó kọ̀ tí ò gbowó. Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ ṣe.

Mo gbé orí tíráàkì lé ojú fèrèsé, mo gbà á kọjá lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, mo gbé òbírí rẹ̀, ibi tí ọkọ̀ ti ń yí po lọ sókè kó tó padà wálẹ̀, sórí kápẹ́ẹ̀tì níbi tí Ìyá ti lè rí i. Ibi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀ gbọ́dọ̀ ga ju orí òbírí lọ dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ agbára rẹ̀ á tán lókè. Tèmi ga tó. Síbẹ̀ Team Matchbox mi dé òkè, ó já bọ́. Mo tún un ṣe, ó tún já bọ́. Ìyá na ọwọ́. Ó gbé ọkọ̀ náà sún mọ́ ojú, ó fi èékánná àtàǹpàkò yí táyà ẹ̀yìn, ó dákẹ́, ó ń tẹ́tí sí i. Ó ní kí n bá òun mú píìnì gèlè òun. Ó ti ẹnu píìnì náà bọ ẹ̀gbẹ́ irin tín-ín-rín tó gbé táyà, ó rọra fà, irun kan sì ń jáde, irun tó gùn, tó ti lọ́ mọ́ irin náà láti ìgbà tí ẹnì kan ti fi í ṣeré. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n bó bá mu tíì, kò gbọ̀n. Mo jẹ́ kí ọkọ̀ náà lọ. Ó gun òbírí, ó yí i po, ó já sábẹ́ àga. Ìyá ní, "Ẹ̀ẹ̀kan sí i." A ṣe é títí ọbẹ̀ fi tutù.

Mo fẹ́ yí ọ̀rọ̀ kan tí mo ti kọ sẹ́yìn padà. Mo ti sọ pé ọkọ̀ eré ìje gidi Matchbox parí sórí BRM nọ́ńbà 52 ti 1965 àti Lotus nọ́ńbà 19 ti 1966, àwọn tí àárín táyà wọn yẹ́lò, tó ṣeé bọ́ táyà dúdú lẹ́sẹ̀ wọn. Mo ṣì fẹ́ràn wọn gan-an. BRM búlúù wà nínú méjì tí mo rà lọ́dún yìí. Ṣùgbọ́n ní 1968, Mattel, ilé iṣẹ́ míì tó ń ṣe ohun ìṣeré, gbé Hot Wheels jáde ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ 16, irin ẹsẹ̀ wọn tín-ín-rín, wọ́n ń sáré bí ẹni tí wọ́n lé. Àwọn ọmọdé kò wo ọkọ̀ tó ń wọ́ mọ́. Ní 1969, Lesney bẹ̀rẹ̀ sí í yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tiwọn padà sí Superfast. Mo máa ń pe ìyẹn ní ìbàjẹ́. Mo ti rí i nínú yàrá Ìyá báyìí pé kì í ṣe ìbàjẹ́. Wọ́n ṣe é kó lè sáré, ó sì sáré.

Lẹ́yìn ìsìnkú, a bá agolo bisikíìtì kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Team Matchbox méje ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn pupa, gbogbo wọn ti ha. Mo rò pé èyí tó ṣẹ́kù lára iṣẹ́ rẹ̀ ni. Bùọ̀dá mi, àkọ́bí Ìyá, ló sọ ọ́ fún mi. Bí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ìgbà náà ṣe ń ṣe, Ìyá àti ọkọ rẹ̀ fi í sọ́dọ̀ tọkọtaya òyìnbó kan ní Kent kí wọ́n máa bá wọn tọ́ ọ, wọ́n ń sanwó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ìyá á wọ ọkọ̀ ojú irin lọ wò ó lọ́jọ́ Sunday, á mú ọkọ̀ ìṣeré kan dání. Ọ̀kan náà ni nígbà gbogbo, torí Ìyá fẹ́ kó jẹ́ èyí tí ọwọ́ òun ti kàn. Bùọ̀dá ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun bínú, òun fẹ́ oríṣi míì, òun sì sọ ọ́ sójú Ìyá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tó padà wálé ní 1977. Ọdún yẹn náà ni Ìyá fi Lesney sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ọ̀dà. Àwọn kan ti bi mí bóyá màá tún méjèèje kùn, torí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lè dá wọn padà bí tuntun. Mi ò ní kùn wọ́n. Ní imú ọkọ̀, níbi tí ìka ọmọdé máa ń dì mú, pupa yẹn ti lọ, síǹkì ti hàn, ó rí bí owó onírin tó ti pẹ́ lápò. Ibì kan náà ni lára méjèèje.

Lóṣù kẹfà, èmi àti Bùọ̀dá lọ sí Hackney Wick. Gbèsè ti wó Lesney láti 1982, wọ́n sì wó ilé náà fúnra rẹ̀ ní 2010. Ilé gbígbé ló wà níbẹ̀ báyìí. A dúró létí odò. Kò gbọ́ Yorùbá, èmi náà ò sì mọ ohun tí mo lè fi Gẹ̀ẹ́sì sọ, a kàn dúró ni. Mo ti ní in lọ́kàn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn pé màá gba ohùn Ìyá sílẹ̀, kó sọ ìtàn ìlà iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ń sún un síwájú. Ó dùn mí.

Bùọ̀dá ní kí n gbé tíráàkì wá sí Kent lóṣù kìíní ọdún tó ń bọ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti pé ọdún mẹ́rin, ó ti bi í pé ṣé ọkọ̀ baba òun lè gun ògiri. Awakọ̀ inú ọ̀kan nínú méje náà ti ń mì, mo ní kí n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ó ní kí n fi sílẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá òbírí náà á gbà lórí kápẹ́ẹ̀tì tiwọn, tàbí bóyá fèrèsé wọn ga tó. Mo ti fi píìnì gèlè Ìyá sínú páálí tíráàkì.