Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ tó di odindi wàhálà

Oṣù yìí ló pé ọdún mẹ́wàá tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ọ́fíìsì, mi ò tiẹ̀ fẹ́ kọ nǹkan kan, àfi ìgbà tí mo gbọ́ lánàá tí ọ̀gá kan ń sọ fún ọmọ tuntun wa pé "bá mi wo nǹkan yẹn," ọmọ ní "okay sà," ló bá lọ jókòó, ó ń wo kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà náà ń wò ó. Ẹ̀yin àbúrò mi, nǹkan mẹ́ta péré ni mo fẹ́ sọ.

Ìkíní, ẹ béèrè ẹni tó máa lo iṣẹ́ náà. "Sà, ta la fẹ́ fi ránṣẹ́ sí?" Tẹ́ ẹ bá ti mọ ìyẹn, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì.

Ìkejì... ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ń pariwo.

Ọdún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá mi fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ nírọ̀lẹ́ Fúráìdé: "Bá mi tún lísìtì kọ́sítọ́mà yẹn ṣe kó tó di Mọ́ńdè." Ó parí. Wọ́n kọ́ mi nílé pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú ẹ̀ á di odindi. Tèmi dénú mi, ó di odindi lóòótọ́, odindi nǹkan mìíràn. Mo ṣí Excel, mo rí orúkọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, mo ní áà, ìdọ̀tí rèé. Mo mú kọ́lọ́ọ̀mù orúkọ nìkan, mo tẹ Remove Duplicates kó yọ àwọn tó jọra dànù, mo tò ó ní a-b-d, mo kun kálà sí i, mo save é lé ti tẹ́lẹ̀ lórí, mo sùn fọnfọn.

Mọ́ńdè dé, ọ̀gá ṣí i lójú gbogbo èèyàn. Nọ́ńbà fóònù ni wọ́n ń sọ! Excel ti gé òdo iwájú gbogbo nọ́ńbà jẹ torí ó kà á sí iye lásán, kéèyàn sọ kọ́lọ́ọ̀mù yẹn di Text kó sì dá òdo padà, iṣẹ́ díẹ̀ báyìí. Mi ò tiẹ̀ wo ibẹ̀. Àwọn tí mo sì yọ dànù, èèyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, orúkọ ló pa wọ́n pọ̀. "Ta ló ní kó o ṣe gbogbo eléyìí?" Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá wọn jáde látinú rìsíìtì, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ṣì ń dùn mí, torí kò sẹ́ni tó bi ọ̀gá pé irú mẹ́sẹ́ẹ̀jì wo nìyẹn.

(Mo ní mẹ́ta, àbí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyókù jì mí.)

Látìgbà yẹn, mi ò dáhùn "okay sà" lásán mọ́. Ohun tí mo máa ń kọ nìyí: "Mo ti rí i sà. Bó ṣe yé mi ni pé nọ́ńbà nìkan ni kí n tún ṣe, mi ò ní fọwọ́ kan orúkọ. Màá ṣe márùn-ún fún yín kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò ó. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi irú ẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá yẹn kan náà, èsì tí wọ́n fún mi ni: "Rárá o, kì í ṣe lísìtì yẹn rárá."