Finger Lakes: Ẹ Mú Etí Adágún Kan Ṣoṣo Lójúmọ́

Láti ìlú New York, bíi wákàtí márùn-ún ni ọkọ̀ fi ń dé Finger Lakes. Adágún 11 ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka ọwọ́. Ibi tí àlejò ti máa ń ṣìṣe rè é: lórí máàpù, ilé tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì tó wà ní òdì kejì adágún Seneca máa ń dà bí ẹni pé ẹ lè nawọ́ kàn án. Kò sí afárá lórí omi yẹn, ó sì gùn tó máìlì 38. Àfi kí ẹ yí gba Watkins Glen ní gúúsù tàbí Geneva ní àríwá, ilẹ̀ á sì ti ṣú mọ́ yín lọ́wọ́.

Àárọ̀ ni kí ẹ fi wo omi tó ń já láti orí àpáta. Ní Watkins Glen, irú rẹ̀ 19 ló wà lójú ọ̀nà kan ṣoṣo tí kò ju bíi máìlì méjì lọ, àtẹ̀gùn òkúta ibẹ̀ sì lé ní 800. Oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ ráàyè wọ àárín àpáta méjèèjì, nítorí náà òkúta máa ń tutù, ó máa ń yọ̀, kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Sílípáàsì ò gba ibẹ̀. Níbi Cavern Cascade, ọ̀kan lára àwọn omi náà, ẹ̀yìn omi gan-an lẹ máa gbà kọjá. Ẹ ti fi fóònù sínú ọ̀rá. Wọ́n máa ń ti ọ̀nà yìí pa nígbà òtútù.

Bí màmá bá ti ilé wá bá yín gbé ọmọ tuntun, orúnkún wọn ò ní fẹ́ àtẹ̀gùn yẹn. Ẹ gbé wọn lọ sí Taughannock nítòsí Ithaca: ọ̀nà ibẹ̀ tẹ́jú, kò tó máìlì kan, omi tó wà lópin rẹ̀ sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 215, ó ga ju Niagara lọ. Bí òjò bá wọ́n nínú oṣù kẹjọ, ó lè tín-ín-rín bí okùn. Oṣù karùn-ún ló dáa jù.

Ní ti wáìnì, Riesling, wáìnì funfun kan, ni iyì àdúgbò náà. Seneca jìn ju ẹsẹ̀ bàtà 600 lọ, kì í tètè tutù, kì í sì í tètè gbóná. Ooru rẹ̀ ń dáàbò bo àjàrà nígbà òtútù. Bí ojú ọjọ́ bá sì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ bọ̀, òtútù inú omi ò ní jẹ́ kí igi àjàrà tètè yọ ọ̀mùnú, kí yìnyín má baà pa á.

“Dry” lára ìgò túmọ̀ sí pé kò dùn. Ẹni tó fẹ́ràn adùn, kó béèrè “semi-sweet”. Ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ dání, torí ẹni tí kò tíì pé ọdún 21 ò lè mu ún. Bí ẹ bá tọ́ ọ wò ní ilé wáìnì, tí ẹ tu ú sínú korobá, kì í ṣe àrífín. Ohun tí wọ́n gbé korobá síbẹ̀ fún nìyẹn. Ẹni tó máa wakọ̀ ò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò rárá: bí ọlọ́pàá bá mú onífisà torí ọtí, wọ́n lè fagi lé fisà náà kí ẹjọ́ tó parí.

Ẹ gbé kúlà dání. Nínú búùtù ọkọ̀ lóṣù keje, ooru á ti ìdérí ìgò sókè, wáìnì á sì bàjẹ́ kí ẹ tó délé.