Kì í ṣe gbogbo ooru ara ló jẹ́ ibà

Ní àdúgbò wa, bí obìnrin tó ti lé ní ọdún 40 bá sọ pé ara òun ń gbóná lóru, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún un ni pé ibà ni, kó lọ ra oògùn ní kẹ́míìsì. Ó ń dùn mí gan-an, torí mo mọ àwọn obìnrin tó ń lo oògùn ibà léraléra láìṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ara wọn ló ń múra àtidáwọ́ nǹkan oṣù dúró.

Ooru yìí ní ìṣe tirẹ̀. Àyà ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ lára tèmi, á gba ọrùn gun ojú, òógùn á bò mí títí aṣọ ìsùn á fi rin gbindin, kò sì ní í pẹ́ tí òtútù á fi mú mi, tí màá tún máa wá aṣọ ìbora tí mo ti ta nù. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti kọjá. Ibà kì í tètè lọ bẹ́ẹ̀. Orí á máa fọ́ni, ẹnu á korò, oúnjẹ kò ní í wuni. Síbẹ̀, nílẹ̀ tí ẹ̀fọn pọ̀ sí bíi tiwa, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa méfò: ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò kí ẹ tó lo oògùn ibà.

Ilé ẹyin obìnrin ló ń pèsè estrogen àti progesterone, ìyẹn họ́móònù, àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń darí nǹkan oṣù. Bí ẹyin ṣe ń tán lọ, estrogen kì í rọra dín kù. Ó lè ga lónìí kó já wálẹ̀ lọ́la, èyí sì máa ń da apá ibi tó ń ṣètò ooru ara nínú ọpọlọ rú. Ìdí nìyẹn tí nǹkan oṣù fi lè yára dé lóṣù yìí kó sì pẹ́ lóṣù tó ń bọ̀, tí oorun kì í fi í kún ojú, tí inú fi ń tètè bíni, tí oríkèé ń roni, tí ojú ara sì ń gbẹ. Àsìkò yìí lè tó ọdún 4, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Torí ìyípadà yìí, ẹni tó ti lé ní ọdún 45 kò sábà nílò láti náwó sórí àyẹ̀wò họ́móònù. Ìwé tó ń kọ ọjọ́ nǹkan oṣù àti ọjọ́ tí ooru mú un sí á wúlò fún dókítà jù ú lọ. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 40 ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò.

Oògùn tó ń fi họ́móònù kún ti ara ló kápá ooru yìí jù lọ, ó sì ń dáàbò bo egungun. Lọ́dún 2002, ìwádìí Women's Health Initiative ní Amẹ́ríkà, tó yẹ oògùn yìí wò, kó àwọn èèyàn láyà sókè nípa jẹjẹrẹ ọyàn, ọ̀pọ̀ obìnrin sì pa oògùn náà tì; ṣùgbọ́n nǹkan bí ọdún 63 ni ìpíndọ́gba ọjọ́ orí àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò. Fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 60, tí kò sì ní jẹjẹrẹ ọyàn tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì rí, àǹfààní rẹ̀ sábà máa ń ju ewu rẹ̀ lọ. Dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́, nítorí ẹni tí ilé ọmọ rẹ̀ ṣì wà kò gbọ́dọ̀ lo estrogen nìkan, kí awọ inú ilé ọmọ má baà nípọn títí táá fi di jẹjẹrẹ. Ohun tó jẹ́ kí àgbo họ́móònù tí wọ́n ń polówó lórí WhatsApp máa bí mi nínú nìyẹn: ta ló mọ ohun tó wà nínú ìgò náà?

Aṣọ òwú, fáànù, rírin kánmọ́kánmọ́ àti dídín ọtí kù ń ṣèrànwọ́ díẹ̀.

Àwọn kan tún ń sọ pé bí obìnrin tó ti dáwọ́ nǹkan oṣù dúró bá ń sùn mọ́ ọkọ rẹ̀, inú rẹ̀ á wú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí ó bá ń dunni, ìpara tó ń mú ojú ara rọ̀ wà. Oyún ṣì lè dé níwọ̀n ìgbà tí nǹkan oṣù kò bá tíì dúró pátápátá, nítorí náà ẹ má ṣe tètè pa ìfètòsọ́mọbíbí tì. Bí oṣù 12 bá sì ti kọjá láìrí nǹkan oṣù, tí ẹ̀jẹ̀ wá tún yọ, ì báà jẹ́ ẹ̀kán kan péré, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ má ṣe pè é ní àtúnbọ̀ èwe. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.