Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nígbà tí mo gbé kíláàsì aṣọ híhun lọ sórí fóònù

Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kọ ọ́ kó tó tutù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ni láṣọ híhun ní Kàbà, ní Ìjùmú, ní Yàgbà àti ní Bùnú, ẹ mọ ohun tójú wa ń rí. Àtíbàbà tá a ti ń kọ́ni ti ṣófo. Àwọn tó ń ti Àbújá àti Lọ́kọ́ja wá ò wá mọ́, torí ẹ̀rù ajínigbé ń bà wọ́n lójú ọ̀nà, ta ló sì lè bá wọn wí? Èmi alára, kí n tó wọ mọ́tò ní Kàbà pé mò ń lọ sí Lọ́kọ́ja, màá ti gbàdúrà tán. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ìyá mi fi lé mi lọ́wọ́ ò ní kú torí ọ̀nà. Bí mo ṣe dórí Zoom nìyẹn.

Ọjọ́ tá a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hun ni mo fẹ́ sọ. Oníkálùkù ti ní kí káfíńtà kan igi òfì fóun bí mo ṣe wọ̀n ọ́n ránṣẹ́, òfì obìnrin wa tó máa ń dúró gbọnrangandan lára ògiri. Wọ́n ti ta òwú yí igi òkè àti igi ìsàlẹ̀ ká. Mo fi pákó gbá òwú ìdábùú mọ́lẹ̀, mo ní, “Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe dún?” Wọ́n ní ohùn mi nìkan làwọn ń gbọ́. Zoom ti ka gbígbá tí mò ń gbá òwú sí ariwo, ó ti yọ ọ́ kúrò.

Àǹtí kan wà láàárín wọn, ọmọ ilẹ̀ wa tó ń gbé ní Kánádà. Aṣọ tirẹ̀ wọ́, bó ṣe ń hun ún lọ sókè ni ẹ̀gbẹ́ kan ń ga ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ. Ẹni tó bá ti hun aṣọ rí mọ̀ pé òwú ẹ̀gbẹ́ kan le, ti ẹ̀gbẹ́ kejì dẹ̀. Mo ní kó fa ti ọ̀tún. Ọ̀tún tèmi ni, a kọjú síra wa, òsì ló fà. Òwú kan já, òmíràn tún já, gbogbo ẹ̀gbẹ́ yẹn sì rọ̀ jọ̀ọ̀. Mò ń pè é pé, “Àǹtí mi, ẹ dúró ná, ẹ má fà á mọ́,” ni Zoom bá pa dé lójú wa, torí ìṣẹ́jú 40 ni wọ́n ń fún ẹni tí kò sanwó. Kí n tó ṣí òmíràn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.

Nígbà tó fi máa dé, Àǹtí ti fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp, kì í ṣe sí èmi nìkan, sí gbogbo kíláàsì. Ó ní mi ò mọ aṣọ hun. Ó ní mo fi orúkọ ilé wa jẹun lára àwọn tó wà lókè òkun. Ó ní ìyá ìyá òun hun aṣọ títí ó fi kú, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó kọ́ ọ. Mò ń wò ó bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó fèsì. Ọmọ mi jókòó tì mí, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń wojú mi. Èmi tí mo ti ń rànwú lẹ́sẹ̀ ìyá mi kí n tó mọ̀wé kà! Mo dá owó rẹ̀ padà lálẹ́ ọjọ́ náà, kì í ṣe pé mo jẹ ẹ́, mi ò kàn fẹ́ kí owó náà sùn nílé mi. Nílẹ̀ tó mọ́, mi ò lè jókòó sídìí òfì.

Mo tún un ṣe ṣá, kíláàsì ń lọ, wọ́n sì ti ń hun aṣọ tó gún.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú jù rèé: ẹ jẹ́ kí òwú máa sọ̀rọ̀ létí yín. Kámẹ́rà ò lè fi hàn yín bóyá òwú le tàbí ó dẹ̀. Lábẹ́ àtíbàbà, ọwọ́ la fi ń kàn án, ọwọ́ wa ò sì lè dé Kánádà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé fóònù sún mọ́ òfì, kó fi ìka ta òwú ìnàró láti etí kan dé èkejì, kó gbà á sílẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Èyí tó le á dún tín-ín, èyí tó dẹ̀ á dún bùù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ sí í hun títí gbogbo rẹ̀ á fi dún bákan náà.

Fóònù tiyín, ẹ gbé e sẹ́yìn, kó máa wo òfì láti òkè èjìká yín, kí ọ̀tún yín lè jẹ́ ọ̀tún wọn. Kí wọ́n so òwú pupa mọ́ etí ọ̀tún, kẹ́ ẹ máa wí pé “ẹ̀gbẹ́ pupa”. Àwọn kan ní kò sídìí fún ìyẹn, pé àgbàlagbà mọ ọ̀tún rẹ̀. Ṣé wọ́n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni?

Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ lo Zoom, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Original Sound sí, kẹ́ ẹ tan án, kí akẹ́kọ̀ọ́ náà tan án lórí fóònù tiẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ Zoom ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ òwú ara yín. Ilé tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ mú gbóná nígbà òtútù máa ń gbẹ bí ọyẹ́ tiwa, òwú á máa já níbẹ̀. Kí wọ́n fi ọwọ́ tó tutù díẹ̀ pa á lára. Kódà kí wọ́n tún un ta lẹ́yìn rẹ̀, kẹ́ ẹ gbọ́ ọ, torí ohùn rẹ̀ á ti yí padà.

Ẹ fi aago Nàìjíríà dá àkókò, kẹ́ ẹ sì máa rán wọn létí: aago 6 ìrọ̀lẹ́ wa ni aago 12 ọ̀sán ní Toronto ní Kánádà nígbà òtútù, aago 1 ni nígbà ooru wọn, torí àwọn máa ń yí aago padà, àwa kì í yí i.

Ẹnì kan ti bi mí bóyá màá kọ́ni ní aṣọ ìpo, aṣọ pupa tí àwọn ará Bùnú fi ń sin àgbà. Rárá o. Ìyẹn ò sí lórí fóònù mi. Kíjìpá ni mò ń kọ́ni, àtèyí tó funfun àtèyí tó láwọ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ ẹ, kó kọ́kọ́ ta òwú rẹ̀ fún mi gbọ́ kó tó sanwó.