Ìlà Méjì Tí Mo Fà

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá lé eku méjì yóò pòfo. Mo mọ òwe náà dáadáa, kódà mo máa ń pa á fún àwọn ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sátidé tí mò ń wí yìí, nígbà tí ìdánwò kẹ́mísìrì ku ọjọ́ méjì péré, orí ọkọ̀ onígbòkun tí mo rà, tí mò ń tún ṣe, ni mo jókòó sí, tí ìwé àkọsílẹ̀ ṣí sílẹ̀ lórí itan mi, tí ike epoxy, àtè olómi tó máa ń gan bí òkúta, sì wà láàárín ẹsẹ̀ mi méjèèjì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí kò ní bèèrè ìdí tí n kò fi sí ní yàrá ìkàwé. Ẹ ti bá mi wí títí, ó ti rẹ̀ yín.

Iṣẹ́ ọjọ́ náà kò le. Mo ti gbẹ́ ibi tí igi ti jẹrà nídìí òpó ìgbòkun kúrò, mo ti fi sáńpépà fá a títí ó fi dán, ó wá ku kí n da epoxy sí i kí ojú ihò lè dí. Agolo méjì ni epoxy yìí máa ń wà, ọ̀kan fún òróró rẹ̀, èkejì fún èyí tí ń mú un gan, ìwọ̀n 2 sí 1 ni a sì gbọ́dọ̀ fi po irú tèmi. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Mo tẹ̀ ba kí ojú mi lè ṣe déédéé pẹ̀lú ìlà ara ike náà, mo ń ṣe bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fún ní àmì-ẹ̀yẹ. Ohun tí wọ́n kọ tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ìwọ̀n náà ni pé kí a máa pò ó ní díẹ̀díẹ̀. Mo rí i, mo kà á, mo sì ṣe ìṣirò pé bí mo bá pò ó lẹ́ẹ̀mejìlá, tí ìkọ̀ọ̀kan gba ìṣẹ́jú 5, wákàtí kan gbáko ni yóò jẹ run, bẹ́ẹ̀ wákàtí kan tó láti ka odindi orí kan nínú ìwé mi. Ni mo bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sínú ike jíjìn kan, nínú oòrùn ọ̀sán gangan, mo sì gbájú mọ́ ìwé.

Wàyí o, ẹ bá mi wo ojú ewé tí mo ṣí. Ó ń ṣàlàyé pé bí èròjà méjì bá ń mú ooru jáde bí wọ́n ṣe ń para pọ̀, ooru náà a máa mú kí ìparapọ̀ wọn túbọ̀ yá. Pé bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 lórí Celsius lé sí i, eré náà lè di ìlọ́po méjì. Àti pé bí wọ́n bá pọ̀ jọ sínú ohun tó jìn, ooru kò ní rí ọ̀nà jáde. Mo kà á sókè, nítorí ìgbà tí mo bá kà á sókè ló máa ń wọ̀ mí lórí. Bí mo ṣe ń kà á ni itan mi ń gbóná. Mo ní oòrùn ni. Mo ti ike náà síwájú díẹ̀, mo yọ pẹ́ńsùlù, mo sì fa ìlà méjì sí abẹ́ gbólóhùn tó sọ pé ooru kò ní rí ọ̀nà jáde, kí n má baà gbàgbé rẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo fa ìlà sí i. Ìlà kan kò tó mi.

Èéfín funfun ló gbé ojú mi kúrò lórí ìwé. Kí n tó dìde, ìdí ike náà ti rọ̀ bí àbẹ́là tí iná mú, ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ṣàn sórí ìwé tí mo jù sílẹ̀. Mo lọgun "Iná o!", mo sì fò jáde. Ọkọ̀ tí kò tíì kúrò lórí ilẹ̀ gbígbẹ láti ọjọ́ tí mo ti rà á, mo fò jáde nínú rẹ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ ń rì mọ́ lábẹ́ lójú agbami.

Bàbá tí wọ́n ń tún ọkọ̀ tiwọn ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rọra sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní kí n bọ́ sí apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá kí n má baà fa èéfín símú, wọ́n mú irin gígùn kan, wọ́n sì fi ti ike náà ṣubú sórí iyanrìn. Nígbà tí yóò fi tutù, ó ti di òkúta, búrọ́ọ̀ṣì mi sì dúró ṣánṣán láàárín rẹ̀ bí òpó ìgbòkun.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, abọ́ pẹrẹsẹ ló yẹ kí o dà á sí, kí ooru lè máa jáde."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà. Láti ìgbà wo lẹ ti ń wò mí?"

Wọ́n ní láti ìgbà tí mo ti ń wọ̀n ọ́n ni. Mo wá bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò sọ̀rọ̀.

"Ṣebí o sọ fún mi pé kẹ́mísìrì lò ń kà? Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní yunifásítì nìyẹn ni. Èmi gan-an ti fara balẹ̀, mo ní kí n kọ́ ti ìgbàlódé."

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti mọ ẹni tí ǹ bá bínú sí. Mo fa ìwé mi, ìwé tẹ̀ lé mi, ṣùgbọ́n ewé kan ṣoṣo náà kọ̀ jálẹ̀, ó di ara ọkọ̀. Epoxy ti rin ín débi pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ hàn síwájú, ó kọjú sódì, ó sì dà lú mọ́ ti iwájú. Ẹ̀yìn yẹn gan-an ni gbogbo ìṣirò tí mo nílò wà. Báyìí ni ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú ṣe mọ́ bá mi níbi tí mo dojú bolẹ̀ sí lórí ọkọ̀, tí mo mú dígí ẹni tí a jọ ń gbé yàrá lọ́wọ́, tí mò ń ka ìṣirò láti inú rẹ̀. Bàbá kọjá, wọ́n padà, wọ́n wò mí títí. "Ọmọ mi, ṣé ìyẹn náà wà nínú kẹ́mísìrì?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Mo yege ìdánwò náà, ẹ má bi mí léèrè iye máàkì. Mo fẹ́ fi sáńpépà fá ewé náà kúrò kí n sì kun ojú ibẹ̀ ní ọ̀dà, ṣùgbọ́n bàbá bẹ̀ mí pé kí n ní sùúrù, ọ̀rẹ́ wọn kan ń bọ̀ wá wò ó. Ọ̀rẹ́ wọn ti wá, ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ wọn náà ti wá. Bí wọ́n bá ti gun ọkọ̀, wọ́n á tẹ̀ ba, bàbá á na ìka sí ibi tí mo fa ìlà méjì sí, wọ́n á sì jọ kà á sókè ketekete, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kà á.