Ẹ̀yin àbúrò mi, kẹ́ ẹ tó fi iṣẹ́ ìròyìn yẹn sílẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣì wà nídìí iṣẹ́ ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àìsùn. Ìbéèrè yín nípa bí mo ṣe fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ ti pọ̀ ju ohun tí mo lè máa dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí WhatsApp, Àǹtí báwo lẹ ṣe ṣe é, Àǹtí ṣé ẹ̀rù ò bà yín, Àǹtí ṣé owó ń wọlé níbẹ̀ yẹn, mo wá ní kí n kúkú kó gbogbo ẹ̀ síbì kan. Fún àwọn tí ò mọ̀ mí, mo kọ ìròyìn l'Ékòó, mo tún ṣe ẹ́dítọ̀, kí n tó palẹ̀ ẹrù mi mọ́ lọ sí Adó-Àwáyè lápá Ìsẹ́yìn. Àwọn àlejò ni mò ń mú gun òkè báyìí, tí ò bá sí àlejò mo máa ń gun ọ̀kadà mi kiri Òkè-Ògùn láti lọ wo ibi tí mo lè mú wọn lọ lọ́jọ́ mìíì. Ẹni tó bá rò pé ìsinmi ni mo wá gbà, kó wá tẹ̀ lé mi gòkè nínú oòrùn February, tá a bá sọ̀ kalẹ̀ ká wá jọ sọ̀rọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tẹ́ ẹ ń sá fún ná. Ọ̀pọ̀ nínú yín á ní ó ti rẹ̀ mí, ó ti sú mi, àmọ́ tí mo bá ní kí ló sú ẹ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀gá wọn ni wọ́n á máa sọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tó bá jẹ́ ọ̀gá ni, ẹ wá ọ́fíìsì míì lọ jàre, ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kan òkè gígùn. Tèmi kì í ṣe ọ̀gá, kì í sì í ṣe pé iṣẹ́ le, torí iṣẹ́ ibí náà le. Àìlópin ẹ̀ ló sú mi. Ẹ gbé ìròyìn jáde láago méje àárọ̀, ó dáa, àwọn èèyàn kà á, wọ́n ń pín in kiri, tó bá fi máa di aago mẹ́wàá kò sẹ́ni tó rántí ẹ̀ mọ́, wọ́n ti ń bèèrè òmíì. Tẹ́ ẹ bá kọ mẹ́jọ lójúmọ́ wọ́n á ní kẹ́ ẹ sọ ọ́ di mẹ́wàá, kò sì sí wákàtí kankan nínú ọjọ́ téèyàn lè nà tàntàn kó ní mo ti parí.

Kì í ṣe pé àwọn ọ̀gá wa burú o, ẹ jẹ́ ká ṣòótọ́. Ìpolówó ló ń sanwó oṣù, iye èèyàn tó bá sì wọlé ni owó ìpolówó ń tẹ̀ lé. Ní January 2018, Zuckerberg, ọ̀gá Facebook, kéde pé ọ̀rọ̀ ẹbí àti ọ̀rẹ́ ni Facebook á máa gbé síwájú èèyàn ju tàwọn ilé ìròyìn lọ, kò sì sí ilé ìròyìn tí irú ìkéde bẹ́ẹ̀ ò kàn. Ojútùú tí àwọn tiwa rí sí i ni pé ká máa kọ púpọ̀ sí i. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n, ojútùú kan ṣoṣo tí wọ́n máa ń ní nìyẹn.

Ọjọ́ Mọ́ńdè kan ló là mí lójú, 4 October 2021. Ẹ rántí pé láti June ọdún yẹn nìjọba ti ti Twitter pa ní Nàìjíríà, VPN, ètò tó ń jẹ́ kéèyàn gba ẹ̀yìn wọlé síbi tí wọ́n tì pa, la fi ń wọ̀ ọ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lù, Facebook lọ, WhatsApp lọ, Instagram náà tẹ̀ lé e, ó sì tó nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà kí wọ́n tó padà dé. Ariwo ló kọ́kọ́ sọ ní ọ́fíìsì, kálukú ń pa fóònù ń tàn án, ẹnì kan ń bú àwọn tó ta dátà fún un, àwọn yẹn ò mọwọ́ ò mẹsẹ̀. Nígbà tó yá gbogbo wa jókòó. Bọ̀ọ̀dá tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ìyá ẹ̀ ṣe máa ń jí wọn láàárọ̀ kùtù lọ ra ẹja létí ọ̀sà l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, ẹni tá a ti jọ ń jẹ ìrẹsì nínú abọ́ kan náà tipẹ́, mi ò mọ̀ rárá pé ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. A rẹ́rìn-ín débi pé ìyá tó ń gbálẹ̀ yọjú wá wò wá. Èmi wá ń bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn mi pé kí gbogbo ẹ̀ má tíì padà dé. Ìgbà tí mo délé lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò owó.

Ọ̀rọ̀ owó ọ̀hún, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ dáadáa, torí ibẹ̀ làwọn tó máa ń sọ ìtàn mo-fiṣẹ́-sílẹ̀-mo-sì-láyọ̀ máa ń sáré fò kọjá. Mi ò kúrò àfìgbà tí mo ní owó oúnjẹ àti owó ilé tó máa gbé mi dé ìdajì ọdún, àti owó kan lọ́tọ̀ tí ọwọ́ ò gbọ́dọ̀ kàn àyàfi tí àìsàn bá dé. Ilé dínwó níbí lóòótọ́, owó yàrá kan ṣoṣo tí mò ń gbé ní Ìyànà-Ìpájà gba yàrá méjì àti àgbàlá fún mi, ó tún ṣẹ́ kù. Àmọ́ epo ò mọ ìgbèríko yàtọ̀ sí Èkó. Lọ́jọ́ 29 May 2023 tí ààrẹ tuntun sọ níbi ìbúra pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, epo tá à ń rà ní ohun tí ò tó 200 náírà lítà kan lọ sí nǹkan bí 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn tó ti ní àwọn ń bọ̀ láti Èkó àti Ìbàdàn bá ń pè pé Àǹtí ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ ká sún un síwájú. Ẹ ò lè bínú sí wọn. Ohun tó gbà mí ni pé mi ò gbé gbogbo ara lé àlejò, mo ń bá èèyàn kọ nǹkan, mo ń ṣe ẹ́dítìn ìwé àwọn ọmọ Yunifásítì, tójò bá sì dé tí àpáta ń yọ̀ tí àlejò dín kù, àgbàdo mi wà nílẹ̀.

Iṣẹ́ tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn, ẹ má jù ú nù. Èmi tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ àkọlé tí èèyàn á fi tẹ̀ ẹ́, òun náà ni mo fi ń pe àlejò. Àmọ́ àwọn àṣà kan wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ máa fi sílẹ̀ dandan, irú bíi kéèyàn máa tún ọ̀rọ̀ tí kò wádìí sọ. Adágún omi kan wà lórí òkè wa, Iyake lorúkọ ẹ̀, èèyàn máa gun àtẹ̀gùn tó lé ní 300 kó tó tún máa fẹsẹ̀ rìn lórí àpáta débẹ̀. Ẹ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sọ fún yín pé méjì péré ni irú ẹ̀ láyé, pé ìkejì ẹ̀ wà ní Colorado l'Amẹ́ríkà. Ti Colorado wà lóòótọ́, Hanging Lake ni wọ́n ń pè é, àmọ́ ta ló wá lọ káàkiri ayé ka gbogbo èyí tó kù? Mo bi bàbá tó kọ́ mi lọ́nà òkè yẹn léèrè. Bàbá wò mí títí, ó ní, "Ìwọ lo ti ìdí iṣẹ́ ìròyìn wá, àbí èmi?"

Bàbá yìí gan-an nilé ìwé mi. Kì í dá yín lóhùn bí ẹ ò bá tíì kí i tán, kẹ́ ẹ bèèrè ará ilé, kẹ́ ẹ bèèrè oko, kẹ́ ẹ sì jókòó. Ìbéèrè tí mo bi í láàárọ̀, ó lè di ìrọ̀lẹ́ kó tó dáhùn ẹ̀, nígbà tá a ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró lọ́jọ́ kan, ó fi ọ̀pá tọ́ka sí àwọn ilà dúdú tó gùn wálẹ̀ lára àpáta, ojú ọ̀nà tí omi òjò ń gbà, ó ní mi ò gbọ́dọ̀ tẹ ibẹ̀ láéláé tójò bá ti kán sí i, kí n máa wá ibi tó funfun fẹsẹ̀ lé. Mo tẹ àtàǹpàkò sí ibi dúdú yẹn, ó ń yọ̀ bí ilá. Kò sí sáìtì tí mo ti kà á rí, bẹ́ẹ̀ òun ló ń dáàbò bo ẹsẹ̀ gbogbo àlejò tí mò ń mú gòkè. Nígbà tá a bá dé ọ̀gangan Ẹsẹ̀ Kan Ayé Ẹsẹ̀ Kan Ọ̀run, níbi tí ọ̀nà ti tóóró, ohun tí bàbá sọ fún mi nìkan ni mo máa ń sọ fún wọn, wọ́n sì ń gbádùn ẹ̀ ju ọ̀rọ̀ méjì péré láyé lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìrìn àjò, ẹ gbọ́ mi o, kéèyàn forí wọ igbó kì í ṣe ìgboyà. Ọ̀nà tí mo gbà lánàá, mo ṣì máa bi àwọn ọlọ́kadà àtàwọn ọdẹ léèrè lónìí kí n tó gbà á, tí wọ́n bá ní kí n má lọ, mi ò ní lọ, kì báà jẹ́ pé àlejò ti sanwó. Mi ò kì í jẹ́ kílẹ̀ ṣú mi sọ́nà.

Ti òbí ńkọ́? Màmá mi ní ṣé torí kí n lè máa gun òkè lòun ṣe ta ilẹ̀ rán mi ní Yunifásítì. Mi ò bá wọn jiyàn, mo ní kí wọ́n wá wò ó. Orúnkún wọn ò gbà kí wọ́n gòkè, ìsàlẹ̀ ni wọ́n jókòó sí lọ́dọ̀ àwọn ìyá tó ń tajà, kí a tó sọ̀ kalẹ̀ wọ́n ti mọ iye tí wọ́n ń ta gàrí, wọ́n ti mọ ọmọ ta ló fẹ́ ọmọ ta, wọ́n sì gbé àpò gàrí kan padà sí Èkó. Wọn ò tíì gbà tán o, àmọ́ wọ́n ti ń bèèrè pé ìgbà wo làwọn tún ń bọ̀.

Fóònù ló pẹ́ jù kó tó kúrò lára mi. Mo máa jí lóru, ọwọ́ mi á ti wà lórí ẹ̀ kí ojú tó là, mo fẹ́ mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń retí ìròyìn kankan lọ́wọ́ mi. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu tó bá ṣe yín bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan máa ń bèèrè bóyá mo lè padà. Ọ̀gá mi àtijọ́ ṣì ń pè mí fún iṣẹ́, tówó ẹ̀ bá dáa mo máa ń gbà á, mo máa ń sọ fún un pé ọ̀túnla ni màá fi ránṣẹ́, torí ọ̀la mo wà lórí òkè. Ó kọ́kọ́ bínú. Ní báyìí ó ti ń pè mí níjọ́ mẹ́ta ṣáájú.