Nọ́ńbà Ṣáásì Alhaji

Ọjọ́rú, lálẹ́

Ọ̀rọ̀ tá a sọ ní Bódìjà lónìí kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Àwa tá a ń fi pikọ́ọ̀pù kó pákó àti iṣu kiri ìgboro Ìbàdàn la kóra jọ síbi tá a máa ń gbé ọkọ̀ sí, ni Alhaji bá na fóònù rẹ̀ sí wa. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà ló bá a yẹ nọ́ńbà ṣáásì ọkọ̀ rẹ̀ wò. Èsì tó jáde ni pé ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ti pè é padà tipẹ́, pé kí wọ́n gbé e wá fún ìpààrọ̀ airbag (àpò tó máa ń wú láti dáàbò bo èèyàn tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan) tó wà níwájú, níhà èrò. Kò sẹ́ni tó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ni ín lọ́hùn-ún kò gbé e lọ títí tó fi tà á, títí ó fi wọ ọkọ̀ ojú omi, tó sì di tòkunbọ̀ lọ́wọ́ Alhaji.

Ariwo sọ. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ná ọ̀nà Ṣakí ní, "Ọkọ̀ yìí ń gbẹ́rù, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ò gbóná, bíréèkì ẹ̀ ń mú. Kí ló tún kù?" Ẹlòmíràn ní òyìnbó kàn fẹ́ ká máa ra tuntun ni. Bàbá tó dàgbà jù nínú wa ní Ọlọ́run ló ń ṣọ́ wa, mo sì ṣe àmín, torí òótọ́ ni. Ìyá Ìbejì, tó ní ọkọ̀ méjì tó ń kó àgbàdo wá láti Mọ́níyà, ló béèrè ohun tó yẹ kí gbogbo wa ti kọ́kọ́ béèrè: "Alhaji, ta ló máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà yín?"

Alhaji ò dáhùn. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọmọ ọmọ rẹ̀ ni, tó bá ń ti iléèwé bọ̀.

N kò bá àwọn tó ní àwọn ò rí nǹkankan jà. Ẹni tó ń ra epo, tó ń sanwó dírẹ́bà, tó ń sanwó iléèwé, kò lè gbé ọkọ̀ sílẹ̀ nítorí ohun tí kò fojú rí. Ṣùgbọ́n bíréèkì a máa han kó tó kọ̀, táyà a máa fá lójú ẹni, ẹ́ńjìnnì a máa rú èéfín. Airbag kì í ṣe ìkankan nínú ìyẹn. Ó lè wà nínú dáṣíbọọ̀dù lọ́dún mẹ́wàá, lógún ọdún, láìfọhùn, àfi ọjọ́ tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan.

Ọ̀rọ̀ airbag Takata, irú èyí tó wà nínú ọkọ̀ Alhaji, sì kan ará Ìbàdàn ju bí a ṣe rò lọ. Ilé-iṣẹ́ Japan ni Takata, òun ló sì ń ṣe airbag tẹ́lẹ̀ fún Toyota, Honda, Ford, Nissan àti ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ mìíràn. Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ ammonium nitrate ni wọ́n rọ sínú agolo irin kékeré, òun ló ń gbiná kí àpò náà lè wú kéèyàn tó ṣẹ́jú. Àmọ́ tí ooru bá ń mú un lọ́sàn-án, tó ń tutù lóru, tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sì ń ráyè wọ̀ ọ́ lọ́dọọdún, kẹ́míkà náà á máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá gbiná, á jó kọjá bó ṣe yẹ, agolo á bẹ́, àfọ́kù irin á sì fò lu ojú àti ọrùn ẹni tí wọ́n ní kó dáàbò bò. Ní Amẹ́ríkà nìkan, ó ti pa èèyàn tó lé ní 25, ó sì ti ṣe ọgọ́rọ̀ọ̀rún léṣe. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 67 agolo yìí ni wọ́n ní kí wọ́n pààrọ̀ níbẹ̀. Takata fúnra rẹ̀ wọ gbèsè tí kò lè san ní 2017.

Ní January 2018, Ford ní kí àwọn tó ni nǹkan bíi 2,900 Ranger ọdún 2006 má wà á mọ́ rárá, lẹ́yìn tí èèyàn méjì ti kú nínú irú rẹ̀. Ní January 2024, Toyota sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà nípa nǹkan bíi 50,000 ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, tí Corolla ọdún 2003 àti 2004 wà nínú wọn, àti RAV4 ọdún 2004 àti 2005. Ẹ dúró ní Ìwó Road fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, kẹ́ ẹ wo irú Corolla tó ń kọjá.

Àwọn ìpínlẹ̀ tí ooru àti ọ̀rinrin ti pọ̀, bíi Florida àti Hawaii, ni wọ́n kọ́kọ́ gbájú mọ́ nínú ìpààrọ̀ náà. Ọkọ̀ wa ń jẹ oòrùn Bódìjà láti January títí dé April, lẹ́yìn náà òjò á dé, gíláàsì á máa làágùn láràárọ̀. Ibi tó yẹ kí agolo yẹn má dàgbà sí gan-an ló ń dàgbà sí.

Rewáyà wa ní kò le, òun á pa iná airbag lójú dáṣíbọọ̀dù, tàbí kí Alhaji lọ ra òmíràn ní Aráròmí, ní Géètì. Mo sọ fún un pé n kò fara mọ́ ọn. Airbag tí wọ́n tú lára ọkọ̀ mìíràn, ta ló mọ ẹni tó ṣe é àti iye ọdún tó ti lò? Agolo Takata lè wà nínú òun náà.

Lọ́hùn-ún, lẹ́tà ni wọ́n ń kọ sí ilé ẹni tó ni ọkọ̀, ọ̀fẹ́ sì ni àtúnṣe. Tòkunbọ̀ kì í gbé àdírẹ́sì wá, nọ́ńbà ṣáásì nìkan ló ń bá a wá: àmì 17 ni, lẹ́tà ábídí àti nọ́ńbà tí wọ́n dà pọ̀, lábẹ́ gíláàsì iwájú níhà dírẹ́bà àti lára òpó ilẹ̀kùn. Kì í ní I, O tàbí Q, nítorí náà òdo ni ohun tó bá jọ O níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ọjà Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe ọkọ̀ náà fún, ẹ tẹ nọ́ńbà yìí sójú ìkànnì NHTSA, àjọ tó ń mójú tó ààbò ọkọ̀ níbẹ̀. Wọn kì í gba kọ́bọ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn tó ń ta ọkọ̀ fún wa ní nọ́ńbà yìí lọ́wọ́ kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté, torí òun ni wọ́n fi ń ṣe ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Kí ló dé tí wọn ò fi lè yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbowó? Òfin ọdún 2018 tó dá FCCPC sílẹ̀, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, ní kí ẹni tó bá mọ̀ pé ọjà òun léwu kéde rẹ̀ fáyé gbọ́. Ó yẹ ká fi í béèrè lọ́wọ́ wọn.

Alhaji ti ní ọmọ náà kò ní jókòó níwájú mọ́, òun á sì gbé nọ́ńbà náà lọ bá àwọn aṣojú ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ọ̀hún ní Èkó. Ìyá Ìbejì fi nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ méjèèjì ránṣẹ́ sí mi nírọ̀lẹ́. Ọ̀kan ò ní wàhálà. Wọ́n ti pe ìkejì padà, kò sì sẹ́ni tó tún un ṣe. Mo pe Ìyá Ìbejì, ó ní kí n bá òun tẹ èsì náà sórí ìwé, òun fẹ́ gbé e lọ bá ẹni tó ta ọkọ̀ náà fún òun lọ́la.